Orúkọ Tí Fáòsíà Pè Níbi Ìyìnbọn

Wọ́n ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ Fáòsíà kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni, ní pálọ̀ Alhaji Àrówólò, tó máa ń dárí ìpàdé àwọn Yorùbá ní Alajo nílùú Accra. Àwọn àgbà ọkùnrin kan jókòó, wọ́n mu tíì, wọ́n jẹ búrẹ́dì, wọ́n sì fẹnu kò pé iṣẹ́ tí ìyàwó Suhaib ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ pe obìnrin ọ̀hún. Suhaib ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ o, ó ń mirí bí alángbá orí ògiri. Ìgbà tó délé ló tó sọ fún un, ojú fèrèsé ló sì kọjú sí nígbà tó ń sọ ọ́.

"Alhaji ní kí o fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀," ló wí. "Ṣọ́ọ̀bù wà nílẹ̀ ní Kaneshie. Wá jókòó síbẹ̀, ká jọ máa tajà."

Inú bí Fáòsíà débi pé ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ kó má baà jù ú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe oníjàgídíjàgan. Kaneshie ni wọ́n bí i sí, ọmọ ará Ìnísà tó wá ta aṣọ níbẹ̀ tó sì sọ ibẹ̀ di ilé. Nígbà tó kọ́kọ́ fẹ́ Suhaib, ó bá a ta àgádágodo àti irin ilẹ̀kùn, títí ọjà fi kú, ló bá lọ gba iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu géètì ilé ìkẹ́rùsí kan. Àwọn tó ni ilé ìkẹ́rùsí náà ló rán an lọ kọ́ ìbọn yíyìn ní pápá kan lẹ́yìn ìlú, lọ́nà Dodowa. Kwabena tó ni pápá náà, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, àti pé bó bá ní kí èèyàn dúró, onítọ̀hún á dúró. Ó ní kó má lọ mọ́. Láti ìgbà náà, Fáòsíà ni alámòójútó ibẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn tó wá kọ́ ìbọn ló máa ń dúró sí, òṣìṣẹ́ báńkì ni o, ẹ̀ṣọ́ ni o, oníṣòwò olówó ni o, ẹnu rẹ̀ sì lòfin. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà dọ́ba. Kò sí ibòmíràn ní gbogbo Accra tó ti lè sọ̀rọ̀ kí ọkùnrin má sì ní kó kọ́kọ́ ṣàlàyé ara rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti rí iṣẹ́ náà rí?" ló bi ọkọ rẹ̀.

"Rárá."

"Alhaji ńkọ́? Ṣé wọ́n ti rí i?"

Suhaib tún kọjú sí fèrèsé.

"Ó dáa. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ tẹ̀ lé mi lọ. Ẹ fojú ara yín rí i. Bí ẹ bá rí i tán tí ẹ ṣì ní kí n fi í sílẹ̀, màá fi í sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde kó tó mọ ohun tó sọ. Ẹyin lohùn. Ó ti fi iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù lélẹ̀ bí ẹni fi ẹrù dógò, inú sì bí i sí ara rẹ̀ náà.

Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n dé ibùdókọ̀, kí ni kí Fáòsíà rí? Alhaji Àrówólò ti jókòó síwájú trotro, ọkọ̀ akérò, nínú jalabíà funfun gbòò, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. "Wọ́n láwọn náà fẹ́ fojú rí i," Suhaib sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ìyẹn ni pé ó ti bá Alhaji ṣètò, kò sì sọ fún ẹni tó ni iṣẹ́. Fáòsíà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kí àgbà, nítorí wọ́n kọ́ ọ nílé, ó sì wọlé jókòó sẹ́yìn pátápátá. Títí méètì, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, fi gbowó tán, tí ọkọ̀ fi kúrò nínú ìlú, kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Alhaji nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níwájú, ó ń ròyìn ìyàwó ọmọ rẹ̀ kan tó ń ránṣọ nílé, tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ kì í dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé pápá, Alhaji ní oòrùn mú, òun á jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́bàá géètì. Fáòsíà fi okùn funfun tó wà nílẹ̀ hàn án. "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọjá okùn yìí àfi tí mo bá pè yín." Bàbá náà ní òun ti gbọ́, bí àwọn tí kò gbọ́ ṣe máa ń wí i.

Ó mú Suhaib dé ìdí tábìlì. Ó kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó máa ń kọ́ àlejò, àmọ́ ó ń fi "ẹ" sí i nítorí pé ọkọ rẹ̀ ni. Ẹnu ìbọn ò gbọdọ̀ kúrò lọ́ọ̀kán pátákó tó wà níwájú. Ìka ò gbọdọ̀ kan ibi tí wọ́n ń fà, àfi tí èèyàn bá fẹ́ yìn ín. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín, bó ṣe ọba ló pè yín, ẹ má yíjú padà. Ẹ gbé ìbọn sórí tábìlì ná, kí ẹ tó wẹ̀yìn."

"Bàbá bàbá mi, ọdẹ ni," Suhaib wí. "Kí lo fẹ́ kọ́ mi?"

Fáòsíà gbé ohun tí wọ́n fi ń bo etí fún un, ó ní kó ṣí fìlà rẹ̀. Suhaib kọ̀, ó ní òun kì í ṣí orí níta, ló bá gbé e lé orí fìlà, kò sì bo etí dáadáa. Ká ní àlejò mìíràn ni, Fáòsíà ì bá ṣí fìlà náà fúnra rẹ̀ tàbí kó ní kó máa lọ. Àmọ́ ó rántí Alhaji lábẹ́ igi, ó rántí pé òun ò fẹ́ kí ọjọ́ náà dà bí ìjà, ó sì fi í sílẹ̀.

Suhaib yìn ín. Ọta àkọ́kọ́ wọ iyanrìn. Èkejì gba etí pátákó kọjá. Nígbà tí ẹ̀kẹta lu pátákó náà, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tí Fáòsíà kò rí láti ọjọ́ pípẹ́, inú rẹ̀ sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bóyá á gbà, ló ń sọ sínú. Bóyá á rí ohun tí mò ń rí.

Ìgbà náà ni Alhaji Àrówólò dìde lábẹ́ igi rẹ̀. Ó kọjá okùn funfun bí ẹni ń kọjá nínú pálọ̀ ara rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn wọn, ó húkọ́, ó sì fi ohùn tó fi ń dárí ìpàdé ké: "Suhaib! Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni Suhaib. Àgbà kì í pè é kó má dáhùn, kì í sì í fẹ̀yìn kí àgbà. Gbogbo ara ló fi yí padà, ó ti ń tẹrí ba láti dá a lóhùn, "Ẹ ṣeun sà," ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ sì wà níbi tí wọ́n ń fà. Ẹnu ìbọn náà kọjá lára Kwabena tó ń bọ̀ láti ọ́fíìsì. Ó kọjá láyà Alhaji. Ikùn Fáòsíà ló dúró sí.

"Suhaib!"

Fáòsíà ló ké bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkùnrin yìí, kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Kí wọ́n tó bí Afeefah ọmọ wọn, "Ẹ̀yin" ló ń pè é, lẹ́yìn tí wọ́n bí i, ó di "Bàbá Afeefah." Àmọ́ ẹnu tó fi ń pàṣẹ níbẹ̀ lójoojúmọ́ ni orúkọ náà gbà jáde, Suhaib sì dúró gbagidi. Fáòsíà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìbọn dún. Iyanrìn ta sára jalabíà funfun, nǹkan kan sì gbá Fáòsíà lójúgun. Ó gba ìbọn náà, ó tú ọta inú rẹ̀, ó sì gbé e lé orí tábìlì.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde, ẹnu Alhaji ló ti jáde.

"Ó pe orúkọ rẹ," ló wí fún Suhaib. "Ó pe orúkọ rẹ ní gbàgede lójú ayé, bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀."

Ìbínú tí Fáòsíà ti ń gbé mì láti ọjọ́ Jímọ̀ dé ẹnu rẹ̀. "Alhaji, ká ní 'Bàbá Afeefah, ẹ jọ̀wọ́' ni mo ní kí n pè, kí n tó pè é parí, omi tí a ó fi wẹ òkú yín là bá máa wá kiri báyìí! Mo ní kí ẹ má kọjá okùn! Bàbá Afeefah, mo sọ fún ẹ̀yin náà pé kí ẹ má yíjú padà! Àbí ẹnu mi ni ò tó ohun tí ẹ ń gbọ́?"

Kwabena ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó wo ìbọn, ó wo ihò tó wà nínú iyanrìn. "Chale, ọ̀rẹ́ mi," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ìwọ lò ń ṣàkóso ibí, Fáòsíà. O mọ òfin."

Ó mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kà á fún àwọn èèyàn. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ò rọ̀. "Ẹni tó bá kọ ẹnu ìbọn sí èèyàn níbí kì í padà wá mọ́. Ẹ máa lọ sílé." Suhaib gbé fìlà rẹ̀ gún, ó sì bá Alhaji lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n wá ránṣẹ́ pè é. Ó kúkú tọ́ sí ìpè lọ́tẹ̀ yìí, ó ti di ọ̀daràn. Àwọn àgbà ti jókòó ní pálọ̀ Alhaji, Suhaib wà láàárín wọn. Alhaji ti pààrọ̀ aṣọ. Ó ní ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, ó ní obìnrin tó ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ lóde, kí ló kù tí kò ní ṣe nílé. Kó kúnlẹ̀ kó bẹ ọkọ rẹ̀, kó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lónìí. Kò sí ẹni tó dárúkọ ìbọn. Bí ẹni pé orúkọ ló fẹ́ pa èèyàn.

Fáòsíà kúnlẹ̀. Bí orúnkún rẹ̀ ṣe kan ẹní, ọgbẹ́ ojúgun rẹ̀ tó ti fi ìbọ̀sẹ̀ bò láti ọ̀sán ya, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ẹní Alhaji.

"Kí nìyẹn?" Suhaib bi í.

"Òkúta tí ọta yín hú sí mi lẹ́sẹ̀ ni."

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí." Ìbínú ló fi wí i. "Láti ọ̀sán ni ẹ ti ń sọ̀rọ̀ orúkọ. Ikùn mi ni ìbọn yín kọjú sí. Nínú gbogbo yín, ẹnì kan ò bi mí pé ṣé kò bà ọ́, Fáòsíà."

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ ná," Alhaji wí. "A ó wá wo ti ẹsẹ̀."

Suhaib wo Alhaji. Ó wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí ẹní. Ó wá dìde láàárín àwọn àgbà, ó ní, "Ó tó, Alhaji. À ń lọ sílé." Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Àmọ́ kò bẹ ìyàwó rẹ̀. Wọ́n délé, ó gbé omi gbígbóná wá, ó jókòó ti ọgbẹ́ náà, ó fọ̀ ọ́, kò sọ pé "Má bínú." Ọjọ́ Àìkú kọjá bẹ́ẹ̀. Kò ní kó máa lọ síbi iṣẹ́, kò ní kó má lọ. Inú Fáòsíà ò rọ̀. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nínú ilé, ṣe ló ń rí ihò kékeré ẹnu ìbọn yẹn.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó wá bàtà rẹ̀ títí, kò rí i. Suhaib ló bá lẹ́nu ọ̀nà, bàtà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fọ ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ nù, ó ti kùn ún ní dúdú, ó sì ti fi okùn tuntun sí i. Ó dúró gádígádí dí ẹnu ọ̀nà.

Fáòsíà gba bàtà náà, ó wọ̀ ọ́. Fífọ bàtà kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì ní díbọ́n pé ẹ̀bẹ̀ ni. Ó nàró. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ kòrókòró.

"Ẹ jẹ́ kí n kọjá, Suhaib."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dáhùn bí wọ́n ti ń dáhùn orúkọ, "Hùn," ó sì yà fún un.