Àkùkọ Mẹ́ta, Ẹyin Ọ̀bu

Òórùn ẹyin tó dọ̀bu ló kọ́kọ́ máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọdún tí mo dé Ayétòrò. Tíṣà ni mí nígbà náà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì mọ gbogbo nǹkan láyé, àfi ohun tí mo ń kọ́ wọn.

Ìyá àgbà kan ló ni ilé tí mo ń gbé. Orúnkún kò jẹ́ kó lè lọ oko mọ́, adìẹ nìkan ló kù tó fi ń jẹun. Nígbà tí kò lè máa tọ̀ wọ́n káàkiri mọ́, ó kó àgbébọ̀ mẹ́jọ àti àkùkọ kékeré kan fún mi pé kí n máa sìn. Bí wọ́n bá pamọ, a ó pín ọmọ náà lọ́gbọọgba, bí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀.

“Tíṣà, ọwọ́ rẹ ni oúnjẹ mi wà o,” ni Màmá wí. “Àkùkọ yìí nìkan tó gbogbo wọn.”

Ẹ̀rín pa mí. Àkùkọ rádaràda, ìrù jíjá, ẹsẹ̀ tín-ín-rín! Mo dúńbú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo fi jẹ iyán. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìdí-Ìrókò, mo ra àkùkọ gàgàrà mẹ́ta tí wọ́n kó wá láti Kùtọnu. Lójú tèmi, bí àkùkọ bá ti pọ̀, ọmọ á pọ̀. Orí olódo!

Bí ọ̀kan bá ti gun àgbébọ̀, àwọn méjì yòókù á já a lulẹ̀ kó tó ṣe tán, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Ìyẹ́ ẹ̀yìn àwọn àgbébọ̀ re tán. Èmi dúró, mo ń wò wọ́n, mo ń pè é ní agbára.

Márùn-ún sàba. Ọjọ́ mọ́kànlélógún pé, ó tún lé, a ò rí ọmọ kan ṣoṣo. Màmá tẹ ọ̀pá wá sẹ́yìnkùlé, ó fọ́ ẹyin kan, òórùn gba ibẹ̀ kan.

“Àkùkọ mi dà?”

“Màmá, ẹ má bínú, mo ti pa á jẹ.”

Mo tún fẹ́ máa ṣàlàyé ohun tó wà nínú ìwé. Ó wò mí bí ẹni wo ìgbẹ́.

“Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìwọ kò tilẹ̀ tíì dàgbà.”

Ó kó àgbébọ̀ rẹ̀ lọ fún bíríkìlà kan tí kò mọ A yàtọ̀ sí B. Ọkùnrin náà yá àkùkọ kan ṣoṣo, òròmọdìẹ sì kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Màmá ti kú tipẹ́. Mo ṣì ń sin adìẹ, àkùkọ kan sí àgbébọ̀ mẹ́wàá, mo sì ń yínmú sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kó àkùkọ gàgàrà jọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún náà, kò sí ẹnì kan ní Ayétòrò tó tún fún mi ní adìẹ rẹ̀ sìn. Gbogbo èyí tí mo ní, rírà ni mo rà wọ́n.