Ẹni Tó Fẹ́ Gba Proxy Wa Kọjá

Ẹ lè pè mí ní òpùrọ́, kò dùn mí. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, lọ́sàn-án, ọjọ́ Sánńdè kan tí òjò ń rọ̀ ní Ìkòsì.

Èmi nìkan ló wà ní ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ server méjìlá ni mo fẹ́ gbé dìde fún oníbàárà kan kí ilẹ̀ Mọ́ńdè tó mọ́. Èèyàn á kọ àṣẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà á máa tò wọ́n fúnra rẹ̀. Proxy nìkan ni mo ń fọwọ́ ara mi ṣe, ìyẹn ẹnubodè tí gbogbo wọn ń gbà jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí mi ò bá kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kò lè kọjá. Ọ̀gá wa sì ti kìlọ̀: ẹni tó bá ṣí i fún ẹ̀rọ tí a kò mọ̀, ilé ló ń lọ.

Mo kọ orúkọ méjìlá. Mẹ́tàlá ló ń kan ilẹ̀kùn.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo tún un kà. Ìkẹtàlá ń jẹ́ Rónkẹ́.

Aunty Rónkẹ́ ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. A sin wọ́n lákòókò ọyẹ́ tó kọjá.

Òjò ń dún lórí páànù bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo kàn bá ara mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá server ni. Aunty Rónkẹ́ jókòó sílẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, súwẹ́tà búlúù wọn lọ́rùn. Ẹ̀rù ò bà mí. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù báyìí.

"Jẹ́ kí n kọjá," wọ́n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Aunty, níbo lẹ ń lọ?"

"Ọmọ mi ni mo fẹ́ pè. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo kọ orúkọ náà. Ìlà kan ṣoṣo hàn: ó ti jáde. Nígbà tí mo máa fi padà dé yàrá yẹn, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ wọn obìnrin pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ta ló pè mí láti ọ́fíìsì yín lánàá? Ẹni náà ò sọ nǹkan kan ju oríkì mi lọ. Àṣàkẹ́, Àṣàkẹ́. Mọ́mì nìkan ni wọ́n máa ń pè mí bẹ́ẹ̀."

A jọ sunkún lórí fóònù ni.

Ó ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ proxy pé ẹ̀rọ kan jáde. Kò síbi tó ti sọ pé ó padà. Ṣé wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ ni, àbí wọ́n ṣì wà lójú ọ̀nà? Mi ò mọ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, orúkọ tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí ẹ bá sì mọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹni náà ṣì wà láyé.