Olùkọ́ Fèrè Wa Wà Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Ìjọba

Ohun mẹ́rin ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti oṣù kẹsàn-án. Eyín mi ìsàlẹ̀ ń mì. Ìjì ti ṣí òrùlé ilé ìdáná mi. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ti mọ ọ̀nà oko ọ̀dùnkún mi. Ẹ̀kẹrin ni Joris Haverkamp, olùkọ́ fèrè ọparun wa, tó kú ní ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, tí eérú òkú rẹ̀ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin ní sẹkitéríàtì ìlú wa, Kamiosato. Mo fojú ara mi rí i. Lápá òsì rẹ̀ ni àwọn akoto tí a máa ń dé bí a bá ń ṣe ìdánrawò ìmìtìtì ilẹ̀. Lápá ọ̀tún ni pósítà ọdún àṣà wa, tí àwòrán òun fúnra rẹ̀ wà lára wọn, tó ń fọn fèrè, tí wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ wá bá ọmọ ìlú wa ṣeré.” Ọmọ ìlú yín ti dé o. Ẹ ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn.

Ọmọ ilẹ̀ Holland ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó fi ẹgbẹ́ olórin ńlá ilẹ̀ wọn sílẹ̀, tó wá kúnlẹ̀ síwájú Kihei Murase àgbà, tó ń gbẹ́ ṣakuhaṣi, fèrè ọparun wa yìí, tó sì ń fọn ọ́n. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́. A ní imú rẹ̀ yóò dí ihò fèrè. Odindi ọdún kan, Kihei kò kọ́ ọ lórin kankan. Ohùn kan ṣoṣo ló ń fọn láti àárọ̀ títí ìrẹsì alẹ́ fi jinná. Nígbà òtútù, wọ́n á jọ hú ọparun tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n á so ọjọ́ tí wọ́n hú u mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n á fi kọ́ sábẹ́ òrùlé fún ọdún márùn-ún kí wọ́n tó dá ihò sí i. Ta ni nínú wa tó ní irú sùúrù yẹn? Ọmọkùnrin Kihei gan-an sá lọ sí Osaka, ó lọ ń ta ẹ̀rọ amúlétutù. Nígbà tí Kihei kú, òyìnbó yìí nìkan ló mọ iṣẹ́ náà ní gbogbo àfonífojì wa. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi kọ́ wa ní ohun tí àwọn bàbá wa fún wa, tí a gbé sọnù.

Èmi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú. Mi ò lè fọn ún. Bí mo bá gbé fèrè sẹ́nu, ọkàn mi á ti sáré padà sílé lọ wò bóyá mo pa gáàsì. Ó gbọ́ mi díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

“Bàbá Tokuji, èémí yín ti dé ọ̀la, ọparun ṣì ń dúró dè é lónìí. Ẹ rọra pè é padà.”

Oṣù mẹ́fà la fi pè é. Lọ́jọ́ tó dé, mo sunkún bí ọmọdé. Ó bu tíì fún mi.

Ẹ wá wo ìmoore wa. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kú tí ìjọba ní kí wọ́n palẹ̀ ilé tó háyà mọ́. Ọparun méjìdínlógójì ló wà lábẹ́ òrùlé, ọjọ́ so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. A mọ òfin ìdọ̀tí ní Kamiosato bí ẹní mọ orúkọ ìyá rẹ̀: igi tí a fẹ́ sun kò gbọdọ̀ gùn ju àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà lọ. Wọ́n wọ̀n wọ́n. Wọ́n fi ayùn gé wọn dọ́gbadọ́gba. Wọ́n dì wọ́n ní ìdì-ìdì, wọ́n tò wọ́n síbi ìdọ̀tí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n tiẹ̀ fi àwọ̀n bò wọ́n kí kannakánná má baà jẹ wọ́n. Ìmọ́tótó borí ọgbọ́n mọ́lẹ̀, bí ọyẹ́ ṣe ń borí ooru.

Eérú nìkan ló kù. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kọ lẹ́tà láti Holland pé kí a sin ín síbí, nítorí ibí nilé rẹ̀. Ọmọbìnrin Kihei ti gbà kó wọ ibojì ẹbí wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Mo mú lẹ́tà náà lọ bá Ogata, akọ̀wé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òkú. Ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn.

“Bàbá, òǹtẹ̀ ìdílé wọn dà?”

“Ará Holland ni wọ́n, ọmọ mi. Wọn kì í lo òǹtẹ̀. Wọ́n ti buwọ́ lù ú.”

“Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí òǹtẹ̀ ń gbé ṣófo.”

Mo ní ṣé èmi kò lè gbà á. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ẹbí. Ó tẹríba fún mi dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní bí òǹtẹ̀ kò bá dé títí di ogúnjọ́ oṣù kọkànlá, wọn yóò da eérú náà sínú kòtò àwọn òkú tí kò lẹ́ni, níbi tí a kì í ti í kọ orúkọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣà á jáde mọ́.

Alága ìlú wa, ṣé ẹ rántí ìwé-ẹ̀rí “Ọmọ Ìlú Àtàtà” tí ẹ fún un níwájú àwọn oníròyìn? Òǹtẹ̀ pupa yín wà lára rẹ̀, ó tóbi bí ọsàn. Ṣé òǹtẹ̀ yẹn bá a kú ni? Nígbà tí ẹ ń fi fèrè rẹ̀ pe èrò wá sílé ìwẹ̀ olómi gbóná wa, ẹ ò bèèrè ẹbí rẹ̀. Ọmọ ìlú ni nígbà tó ń mú èrò wá. Ó wá di àlejò nígbà tó nílò ihò kékeré kan nínú ilẹ̀.

Àwa yòókù ńkọ́? Mo kọjá níwájú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ tí ayùn ń dún. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Mo rò pé ẹnìkan ní láti ti fọwọ́ sí i.

Mo fẹ́ orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde. Mo fẹ́ kí Alága fúnra rẹ̀ gbé eérú náà jáde lójú gbogbo ìlú, kó fà á lé ọmọbìnrin Kihei lọ́wọ́. Títí yóò fi ṣe é, èmi yóò jókòó níwájú tábìlì Ogata. Orúnkún ń dùn mí, bọ́ọ̀sì sì máa ń bà mí lẹ́rù. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá, aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú, ni mò ń gbéra.