Ọwọ́ Gamaliel Thrupp

Ọwọ́ Gamaliel Thrupp kì í mọ́. Awọ ló ń ṣe létí odò ní Suffolk, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi èèpo igi óákù tó ń rẹ awọ sí ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ́ orí ọba tí wọ́n sì lé àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó máa ń yan àlùfáà lé ìjọ lórí lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń bẹ lẹ́nu rẹ̀: ọwọ́ tí ará ìjọ bá nà sókè ló ń fini jẹ àlùfáà, ọwọ́ tí àgbà gbé léni lórí, ẹ̀yìn ìyẹn ló ń wá. Ó ń sọ ọ́ nídìí ọtí, ó ń sọ ọ́ nídìí òkú. Àwọn kan tilẹ̀ ń sá fún un.

Nígbà tí àlùfáà wọn kú, ẹni méjì ló fẹ́ ipò náà: Josiah, ọmọ kan ṣoṣo tí Gamaliel bí, tó kàwé ní Cambridge, àti Ned Pask tó ń kan àgbá ọtí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ibà jà nílùú, Ned ló ń wọlé tọ aláìsàn. Ìjọ nawọ́, ti Ned ló pọ̀ jù. Gamaliel, àgbà ìjọ, ni yóò sì gbọ́wọ́ lé e lórí lọ́jọ́ ìsinmi.

Mercy ìyàwó rẹ̀ gbé búrẹ́dì kalẹ̀ fún un, ó ní, “Bàbá Josiah, ẹ kàn sọ fún wọn pé ara yín ò yá. Bí ẹ ò bá gbọ́wọ́ lé Ned, ta ló máa pè é ní àlùfáà?”

“Ṣé kí n wá di bíṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ogbó mi?”

“Josiah ní òun ò ní gbé ìlú yìí mọ́ tí ẹ bá ṣe é. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó o!”

“Mo gbọ́, Ìyá Josiah. Wọ́n ti nawọ́.”

Lọ́jọ́ ìsinmi, Ned kúnlẹ̀. Gamaliel gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, ni àdúrà bá bẹ̀rẹ̀.

“Bàbá, ọwọ́ yín wúwo lórí mi,” Ned sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Dúró jẹ́ẹ́.”

Gamaliel rí Josiah tó dìde lẹ́yìn, tó dé fìlà, tó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ó dùn ún wọra. Kò lè pè é, kò sì lè gbé ọwọ́ kúrò lórí ọmọ ọlọ́mọ títí tí gbogbo wọn fi ṣe àmín. Nígbà tó máa fi débi ẹnu ọ̀nà, ẹṣin Josiah ti kọjá afárá.