Àdúrà Tí Wọ́n Gbà fún Ẹ̀rọ Mi

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ni ẹgbẹ́ aládùúrà yí ẹ̀rọ mi ká ní Yeoville, nílẹ̀ àjèjì tí mò ń gbé, wọ́n na ọwọ́ sí i, wọ́n ní kí Olúwa bá àwọn fa nọ́ńbà rẹ̀ wálẹ̀. Ariwo wíwọ̀n ni mo fi ń jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni, Yorùbá ni mí. Ẹ rẹ́rìn-ín tán ná.

Mísítà Dube, ọmọ Zulu tí kì í gbé ohùn sókè, ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ wọn ariwo tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: mọ́tò, ajá, táksì tó ń fọn fèrè. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí n tó wọn ti ẹni tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ó tún kọ́ mi pé agbègbè ilé gbígbé ní ààlà ariwo tirẹ̀, ibi iṣẹ́ ajé ní tirẹ̀, ti ibi iṣẹ́ ajé sì ga ju ti ilé gbígbé lọ.

"Eish, ọmọ mi," ló máa ń wí, "ẹ̀rọ yìí ò ní ìbátan."

Mísítà Dube ò tíì bá àwọn èèyàn mi pàdé nígbà yẹn.

Àárín agbègbè ilé gbígbé ni ìjọ wa wà. Ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́yìn ògiri fẹjọ́ wa sùn, àwọn aláṣẹ ìlú sì ní tí ariwo wa bá kọjá ààlà, ká kó jáde. Pásítọ̀ bá ní kí n wá wọ̀n ọ́n, ọmọ ilé ṣáà ni mí.

"Bùrọ̀dá Káyọ̀dé," ó ní, "mo ti ṣe ìwádìí. Ní Germiston, ní ìlú kejì, ààlà ibi iṣẹ́ ajé ga dáadáa. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ bá wa lò."

"Yeoville la wà, sà."

"Ṣé ọ̀nà ibẹ̀ jìn ni?"

Ó ti tẹ ìwé ààlà Germiston jáde, ó fi bírò aláwọ̀ ìyeyè kùn ún. Mo ṣàlàyé títí pé ìyàtọ̀ ìlú méjèèjì ò tó nǹkan, pé láàárín ilé gbígbé àti ibi iṣẹ́ ajé ni ìyàtọ̀ gidi wà. Ó ní òun á fi àdúrà sí i.

Ó fi sí i lóòótọ́. Mo gbé ẹ̀rọ sẹ́bàá ògiri, mo ní kí wọ́n ṣe ìsìn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Ni aládùúrà mẹ́jọ bá jáde wá.

"Gbogbo nọ́ńbà burúkú, ẹ wálẹ̀!"

Nọ́ńbà ń gun òkè lọ. Mo pa ìyẹn rẹ́, nítorí aláàánú ni mí, mo lé wọn wọlé, mo tún un wọ̀n. Ó ṣì kọjá ààlà. Ìyá àgbà yọjú lórí ògiri.

"Èmi náà ń gbàdúrà," ó ní, "pé kí wọ́n máa ṣe àmín jẹ́jẹ́."

Ó dùn mí púpọ̀. Ibẹ̀ la ti sọ ọmọ mi lórúkọ, ìyàwó mi sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Àmọ́ ohun tí mo rí ni mo kọ ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ìlú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi jẹ oúnjẹ tútù nílé.

Ìjọ kó lọ sí ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan. Níbo? Ní Germiston, láàárín àwọn oníṣẹ́ ajé. Kò pẹ́ tí Pásítọ̀ fi pè mí.

"Bùrọ̀dá, àwọn panẹbítà ẹ̀gbẹ́ wa ò jẹ́ ká gbọ́ ìwàásù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn wá."

Mo gbé e lọ. Òòlù ń dún lára mọ́tò, àwọn aládùúrà dákẹ́ lọ gbári lẹ́yìn mi. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

"Wọn ò kọjá ààlà, sà."

"Pẹ̀lú gbogbo gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn yìí?"

"Ààlà tó ga dáadáa yẹn ni, sà. Èyí tẹ́ ẹ kùn."

Ó sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Tá a bá gbàdúrà sí i ńkọ́, kí nọ́ńbà yẹn lè gòkè?"

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Àdúrà wọn ò tíì kùnà láti mú un gòkè rí.