Owó Ṣáínà ní Ṣómólú

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe ní Ṣómólú. Òkè òkun ni bébà wa ti ń wá, ọwọ́ oníṣòwò kan ní Fádèyí ni mo sì ti ń rà á. Àlàájì la máa ń pè é. Kì í dáhùn ìkíni kó tó wo fóònù rẹ̀. Bí dọ́là bá gbéra láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, owó bébà ti lé. Mo kórìíra ọkùnrin náà, mo sì kórìíra dọ́là jù ú lọ.

Lọ́jọ́ kan ló ní, "Ẹ gbàgbé dọ́là, Àǹtí. Owó Ṣáínà la fi ń rajà báyìí. Wàhálà ti parí."

Inú mi dùn gan-an. Mo ta máṣíìnì ìtẹ̀wé mi àtijọ́, mo sì ní kó bá mi ra tuntun láti Ṣáínà. Ọkọ mi ní, "Máṣíìnì tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ní Ṣómólú, ta ló máa bá ẹ tún un ṣe?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ìwé ìdánwò iléèwé kan ní Bàrígà ni mo ń tẹ̀ lọ́wọ́ tí máṣíìnì náà fi dákẹ́. Atúnmáṣíìnìṣe kẹta tó tú u ló rí i pé bọ́ọ̀dù iná inú rẹ̀ ló ti jó. Àwọn tó ṣe é nìkan ló ní irú rẹ̀, owó tiwọn nìkan ni wọ́n sì ń gbà. Owó ọ̀hún náà sì ti wọ́n ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, torí náírà ń já wálẹ̀.

Mo gba Fádèyí lọ tìbínú-tìbínú.

"Ṣebí ẹ ní wàhálà ti parí?"

"Wàhálà dọ́là ni mo sọ, Àǹtí. Mi ò sọ ti náírà."

"Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi bọ́ọ̀dù náà ránṣẹ́ ná."

"Ẹ fowó ránṣẹ́. Ìyẹn nìkan ni wọ́n ń dáhùn."

Mo gbá àwọn bébà orí tábìlì rẹ̀ dà sílẹ̀. Ó ní kí n jáde. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mo ń bú u lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, títí ohùn mi fi há.

Iléèwé náà gbé iṣẹ́ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Mo ta máṣíìnì náà ní owó pọ́ọ́kú. Ìwé táwọn ẹlòmíì tẹ̀ ni mo ń dì báyìí. Ọkọ mi máa ń bá mi kó wọn jọ lálaalẹ́, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.

Amẹ́ríkà ò mọ̀ pé mo wà láyé, Ṣáínà náà ò mọ̀. Àlàájì nìkan ló mọ̀ mí, òun sì ni mi ò kí mọ́.