Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Sínú Àpótí

Mo ń fi rúlà fa ìlà sí ojú ewé tuntun nínú rẹ́jísítà mi nígbà tí bàbá náà wọlé, tó tẹ́ pláànù ilẹ̀ rẹ̀ síwájú mi, tó sì fi ìka kan igun kan níbẹ̀. Ó ní, “Ìyáàfin, sàréè bàbá mi dà?” Mi ò tètè lóye rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé etí odò ni sàréè náà wà, nínú ilẹ̀ àwọn, àti pé pláànù tí òun gbà lọ́wọ́ wa lánàá ti fi gbogbo etí odò náà sílẹ̀ síta. Kò pariwo. Ìbá tilẹ̀ sàn fún mi ká ní ó pariwo.

Ọ́fíìsì awọnlẹ̀ kan ní Ìlọrà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti Fìdítì ni mo ti máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: ọ̀gá wa tó ń wọn ilẹ̀, ayàwòrán tó ń fi kọ̀ǹpútà ya ohun tí ọ̀gá bá wọ̀n, àti èmi tí mò ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò kọjá ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí pláànù tí wọ́n máa béèrè tí mi ò ní lè sọ ibi tó wà.

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta la ní, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Àwọn pláànù kò sí nínú wọn. Inú àpótí kékeré kan tó wà lórí pẹpẹ ní yàrá ọ̀gá la ń kó gbogbo wọn sí, wáyà sì gba ara kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lọ síbẹ̀. Ẹnjinníà kan ló ti Ìbàdàn wá tò ó fún wa. Tí mo bá tan kọ̀ǹpútà mi, lẹ́tà H ló máa ń dúró fún àpótí náà, mo sì gbà tọkàntọkàn pé H ni orúkọ rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sí i lára. Nínú rẹ́jísítà mi, mo kọ H síwájú pláànù kọ̀ọ̀kan, mo sì fa ìlà pupa sí i nídìí. Ìlà pupa yẹn máa ń dùn mọ́ mi nínú.

Ọ̀gá jáde, ó wo pláànù bàbá náà, ó sì pe ayàwòrán. Ayàwòrán ní, “Ibi tí Mọ̀mí kọ ni mo lọ. Mo ṣí H, mo rí fóldà Fìdítì, mo rí orúkọ Bàbá, mo tẹ̀ ẹ́ jáde.” Òótọ́ ni, H ni mo kọ. Ọ̀gá bẹ bàbá, ó ní kí ó fún wa ní ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí bàbá lọ tán, ó tẹ ìwé kan, ó gbé e fún mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àìbìkítà mi ló jẹ́ kí wọ́n fún oníbàárà ní pláànù tí kò tọ́, àti pé mo gbà kí wọ́n gba rẹ́jísítà lọ́wọ́ mi.

Ó ní, “Màdáámú, ẹ fọwọ́ sí i, ká parí ọ̀rọ̀.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, “Ọ̀gá, mi ò ní fọwọ́ sí i. Ohun tí mo rí ni mo kọ.”

Bóyá ni ó ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu mi rí. Ó ní tí mi ò bá fọwọ́ sí i títí di ọjọ́ Ẹtì, kí n má wulẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ajé.

Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí ayàwòrán jẹ́ kí n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mọ̀mí, ẹ fẹ́ gbaṣẹ́ mi ni?” Mo ṣí H. Fóldà Fìdítì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwòrán àtijọ́ ló kún inú rẹ̀, èyí tí wọ́n yà kí ọ̀gá tó lọ tún ilẹ̀ bàbá náà wọ̀n. Kò sí iṣẹ́ ọdún yẹn kankan níbẹ̀. Ayàwòrán ní bẹ́ẹ̀ ni, ibi tí òun ń kó ògbólógbòó iṣẹ́ sí nínú kọ̀ǹpútà òun nìyẹn. F ni àpótí orí pẹpẹ lọ́dọ̀ tòun. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí. Ó ní, “Ẹ ò bi mí. H lẹ kọ, mo rò pé ti àtijọ́ lẹ ní kí n tẹ̀ jáde.” Mo lọ wo ti ọ̀gá. G ni.

Ọ̀rọ̀ ilé ọkọ mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, mi ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ àwọn ọmọ tí mo bá nílé. Orúkọ tèmi ni mo fún wọn, bí ìyàwó kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe. Àbúrò ọkọ mi kan tó fẹ́ràn ìwé ni mo ń pè ní Akọ́wé. Lọ́jọ́ kan tí ara rẹ̀ kò yá, mo gbé ògì gbígbóná fún ìyálé mi pé kó bá mi gbé e fún Akọ́wé, mo sì lọ sọ́jà. Nígbà tí mo dé, Akọ́wé tèmi ṣì dùbúlẹ̀, ebi ń pa á. Ìyálé mi ti gbé ògì fún Akọ́wé tirẹ̀, ọmọ mìíràn pátápátá, tó ti mu ún tán tó ń béèrè ṣúgà. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwa méjèèjì. Ìyá ọkọ mi ló ní láti ọjọ́ náà lọ, tí a bá ń rán ara wa sí ọmọ yẹn, ká sọ pé ọmọ tí àpá iná wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun yòówù tí ẹnikẹ́ni ń pè é, àpá náà wà lára rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá ránṣẹ́ pe ẹnjinníà. Mo sọ ohun tí mo rí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó ní, “Mà, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní lẹ́tà tó ń fún un. Kò sí wàhálà ńbẹ̀.”

Mo ní, “Báwo ni ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ ṣe máa mọ̀ pé àpótí yẹn lòun ń wò?”

“Òun náà á mọ̀.”

“Báwo?”

Ó ní òun lè sọ gbogbo rẹ̀ di H. Mo ní tí a bá ra kọ̀ǹpútà kẹrin ńkọ́? Ó ní ká pe òun. Ayàwòrán ní, “Ká máa pè yín láti Ìbàdàn nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo.”

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi, mo kọ fáìlì kékeré kan, mo sì fi í sínú àpótí, níwájú gbogbo fóldà. Ohun tí mo kọ sínú rẹ̀ ni pé: “Àpótí orí pẹpẹ ní yàrá ọ̀gá nìyí.” Mo ní kí ayàwòrán ṣí F tirẹ̀: ó rí i. Mo ní kí ọ̀gá ṣí G: ó wà níbẹ̀. Mo wá ní kí ayàwòrán ṣí H tirẹ̀, kí gbogbo wọn máa wò ó. Kò sí níbẹ̀. Mo ní láti òní lọ, ẹni tí kò bá tíì rí ọ̀rọ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ tẹ ohunkóhun jáde, ìbáà jẹ́ ọ̀gá.

Ẹnjinníà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀gá padà sí yàrá rẹ̀, kò bẹ̀ mí, kò sì béèrè ìwé náà. Mo fi rúlà fagi lé H kọ̀ọ̀kan nínú rẹ́jísítà, ewé dé ewé, mo kọ “Àpótí” sí ipò rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, mo wọ bọ́ọ̀sì mi. Èmi fúnra mi ni mo gbé pláànù tó tọ́ lọ fún bàbá náà ní Fìdítì. Ó fi ìka tọ ipa odò náà títí tó fi kan sàréè, ó ní kí n jókòó.

Kọ̀ǹpútà wa ti di mẹ́rin báyìí. A ti pààrọ̀ àpótí lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ náà sínú tuntun. Ìwé ọ̀gá ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ibi ìfọwọ́sí rẹ̀ ṣófo. Nígbà mìíràn tí mo bá rí i, mo máa ń gbà nínú ara mi pé mo ní ẹ̀bi díẹ̀: mo fa ìlà pupa nídìí lẹ́tà kan fún ọjọ́ pípẹ́ láìbéèrè bóyá ẹlòmíràn ń rí ohun tí mò ń rí. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé náà. Ká ní òun ni wọ́n kọ ni, ǹ bá ti fọwọ́ sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan ń dúró, ọ̀gá sì wà nídìí kọ̀ǹpútà tuntun. Ó yọ orí sí mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ní, “Màdáámú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wò ó. Mi ò rí ọ̀rọ̀ yín níbí. Mi ò tíì tẹ nǹkan kan jáde o.”